Ẹ̀jẹ̀ Méjì, Orúkọ Kan

"Obìnrin kan ga sí i," ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà wí.

Mo gbójú sókè kúrò lórí ìwé tí mò ń kọ. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ẹjọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá wa: aládùúgbò tó ń da omi ìdọ̀tí sẹ́nu ọ̀nà ẹnìkejì, ọmọ ilé ìwé tó jí fóònù tíṣà, ọkùnrin kan tó ní ìyàwó òun fẹ́ pa òun, tí ìyàwó náà sì ní bó bá jẹ́ pé òun fẹ́ pa á ni, òun ì bá ti pa á tipẹ́. Orúnkún ọ̀tún ń ro mí. Tíì mi ti tutù. Ìfẹ̀yìntì mi ku oṣù díẹ̀, ọ̀gá mi ò sì gbé ẹjọ́ tó le fún mi mọ́.

"Ẹ kú oríire," ni mo dá a lóhùn.

Kò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, irun orí rẹ̀ ti funfun tán, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ojú ẹni tí oorun ti kọ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní Mákánjú?"

"Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá ju tèmi lọ ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó. Obìnrin wo ló ga sí i?"

"Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, a wọn gíga rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, a tún un wọ̀n. Ó ti fi ìka méjì ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Bàtà ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń dúró."

"Igi tí ẹ fi ń wọ̀n wọ́n ńkọ́?"

"A wọn àwọn mìíràn lọ́jọ́ kan náà. Gíga àwọn kan wà bó ṣe wà, àwọn kan ti kúrú díẹ̀. Màdáámú, ẹni tó bá ti kọjá ogójì ọdún, ilẹ̀ ló kọjú sí. Kì í lọ sókè mọ́."

"Orúnkún mi ti sọ ìyẹn fún mi."

Ó wá ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí nílùú yìí lọ́dún kan báyìí, tí wọ́n ti di àgbà báyìí, ni ilé ìwádìí wọn ti ń tọ̀ lẹ́yìn láti ọjọ́ ìbí wọn. Ohun tí wọ́n jẹ ní kékeré, ilé ìwé tí wọ́n lọ, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, àìsàn tó ṣe wọ́n, ọmọ tí wọ́n bí, kò sí èyí tí wọn ò béèrè. Ní ọdún mẹ́fà-mẹ́fà, wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì ń fi ẹ̀jẹ̀ náà pamọ́ sínú fírísà. Bí ìjọba bá fẹ́ ṣe òfin lórí ìlera tàbí ìtọ́jú ọmọ, ọ̀dọ̀ wọn ló ń wá béèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ni ọ̀gá kẹta tó máa jẹ níbẹ̀. Àwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀ ti kú, ìwádìí náà ò tíì parí.

"A yọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àtijọ́ jáde," ló wí, "a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oṣù tó kọjá. Kì í ṣe oríṣi kan náà. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe aṣọ tí èèyàn ń pààrọ̀."

Mo gbé bírò sílẹ̀. "Ẹlòmíràn ló wá dúró fún un nìyẹn."

"Ohun tó gbé mi wá nìyẹn. Níbo ni ẹni tó ni orúkọ wà?"

"Kí lẹ máa ń fún àwọn tó bá wá?"

"Owó ọkọ̀. Tíì àti bisikíìtì."

"Kò sí nǹkan mìíràn?"

"A máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Mo ti rí ẹni tó jí orúkọ òkú kó lè gba owó ìfẹ̀yìntì òkú. Mo ti rí ẹni tó jí orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó lè bá a ṣe ìdánwò. Mi ò tíì rí ẹni tó jí orúkọ olórúkọ nítorí kí wọ́n lè gún un lábẹ́rẹ́.

"Ẹ ti pè é?"

"Fóònù rẹ̀ ò lọ. Ó lọ́mọbìnrin kan, aláìlera, tó ń wá gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Láti ìgbà tí a ti ránṣẹ́ pé kí ìyá wá kí a tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àtìyá àtọmọ, a ò fojú kàn wọ́n mọ́." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa gbé àbọ̀ ìwádìí kan fún ìjọba. Obìnrin yìí wà nínú rẹ̀."

"Àbọ̀ ìwádìí lórí kí ni?"

"Lórí àwọn ìyá tó ń tọ́jú ọmọ aláìlera nílé. Wọn ò pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa, méjìlá péré ni wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń ru, ọkàn wọn máa ń rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọmọ bá ti tó ọdún mẹ́jọ, ó dà bíi pé ara wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ sípò. Ìjọba ń rò ó pé kí ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ dáwọ́ dúró nígbà náà."

"Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rò?"

"Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n kà á. Àwọn ni wọ́n ń rò ó."

Ọ̀gá mi ní kí n lọ wò ó. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí kò tíì sí òkú nílẹ̀, ẹjọ́ mi ni.

*

Yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ náà wà nísàlẹ̀ ilé ìwádìí. Ẹní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà nílẹ̀, bọ́ọ̀lù ńláńlá wà lóríṣiríṣi àwọ̀, dígí gígùn kan wà lára ògiri. Oníṣègùn tó ń na iṣan fún wọn ló ń ká ẹní jọ. Ọkùnrin gìrìwò ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí ọwọ́ ẹni tó ń gbé ẹyin.

"Alága ni mo máa ń pè é," ló wí nígbà tí mo dárúkọ ọmọ náà. "Orí àga rẹ̀ ló máa ń wà, gbogbo wa ló sì máa ń pàṣẹ fún."

"Ìgbà wo lẹ rí ìyá rẹ̀ kẹ́yìn?"

"Ó ti pẹ́ gan-an, mà." Ó dúró. Ó tún ẹní tó ti ká tẹ́lẹ̀ ká. "Mo ní, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Òun ló mú un wá."

"Ọ̀sẹ̀ méjì ló pẹ́ gan-an lójú yín?"

"Níbi tí a wà yìí, mà, ọjọ́ máa ń gùn."

"Irú èèyàn wo ni obìnrin náà?"

"Ẹsẹ̀ ọmọ ni mò ń wò. Mi ò kì í wojú ìyá."

"Ẹ wo ẹsẹ̀ ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ ò wojú ẹni tó ń tì í wọlé?"

Ó gbé ẹní náà lọ sí igun yàrá. Mo fi í sílẹ̀ díẹ̀, mo wo ara mi nínú dígí. Ẹni tí mo rí níbẹ̀ nílò ìsinmi.

"Bí ọmọ náà ò bá wá mọ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

Ìyẹn tètè jáde lẹ́nu rẹ̀. "Kò tètè ké nígbà tí wọ́n bí i, mà. Láti ìgbà náà ni iṣan rẹ̀ ti máa ń le. Tí wọn ò bá nà án, á máa le lọ sókè. Tó bá dé àyà, mímí á di iṣẹ́."

"Ọsibítù ìjọba ńkọ́?"

"Àwọn tó tò síbẹ̀ pọ̀. Ọmọ á ti di àgbà kó tó kàn án. Ọmọ àwọn tó wà nínú ìwádìí nìkan la ń tọ́jú níbí, níwọ̀n ìgbà tí òbí wọn bá ṣì wà nínú rẹ̀."

Mo dúpẹ́, mo jáde. Irọ́ wà lẹ́nu ọkùnrin yẹn, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ìrora orúnkún mi. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ò dára: bóyá òun àti obìnrin ayédèrú náà ní nǹkan pọ̀. Bóyá wọ́n ti jọ mú ìyá ọmọ kúrò lọ́nà. Ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ ti ṣe ohun tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ rí.

*

Bàbá ọmọ náà ń rán ìjókòó mọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ọjà. Abẹ́rẹ́ tó tó ọwọ́ ọmọdé ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ọlọ́pàá ni mí, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Èmi àti ìyá ọmọ náà ò sí papọ̀ mọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n mi ò já wọn jù sílẹ̀ o. Mò ń rán nǹkan sí wọn lóṣooṣù. Mo máa ń yà wò wọ́n."

"Ìgbà wo lẹ yà kẹ́yìn?"

"Láìpẹ́ yìí."

"Ẹni ọdún mélòó ni ọmọ yín báyìí?"

"Mẹ́wàá." Ó wo òkè. "Mọ́kànlá."

"Mẹ́rìnlá ni."

Abẹ́rẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Mo ti ń wo ọwọ́ rẹ̀, ọrùn rẹ̀, bó ṣe ń mí, nítorí ọkọ ni ẹni àkọ́kọ́ tí à ń wò bí ìyàwó bá sọnù. Ṣùgbọ́n ẹni tó pànìyàn máa ń mú irọ́ rẹ̀ dán. Ti ọkùnrin yìí ti họ kó tó dé ẹnu rẹ̀. Irọ́ ìtìjú ni, kì í ṣe irọ́ ẹ̀jẹ̀.

"Mi ò lè gbé e," ló wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Mo ní ara mi ò gbà á. Ìyá rẹ̀ ní ara tòun náà ò gbà á, ṣùgbọ́n òun ò ní ibi tí òun lè sá lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti jáde, mi ò padà débẹ̀."

"Ta ló kù fún obìnrin náà?"

"Àbúrò rẹ̀ obìnrin nìkan ló ní. Òun náà ti kú."

"Nígbà wo?"

"Ó tó ọdún mẹ́fà. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Ó yà mí lẹ́nu, torí abarapá obìnrin ni. Òun ni àbúrò, òun ló sì ga jù. Tí wọ́n bá jọ dúró, mo máa ń fi ẹ̀gbọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé àbúrò rẹ̀ ló ń jẹ ẹran ọbẹ̀ rẹ̀."

"Ṣé wọ́n jọra?"

"Bí ẹ bá rí wọn níjòókòó, ẹ ò ní mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì."

"Ẹ lọ síbi ìsìnkú náà?"

"Kò sẹ́ni tó pè mí." Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó mú abẹ́rẹ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ọmọ náà ńkọ́? Ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀?"

*

Mo jókòó sínú mọ́tò, mi ò ṣíná.

Obìnrin méjì wà. Ọ̀kan kúrú, ọ̀kan ga. Èyí tó ga kú. Èyí tó kúrú wà láàyè, ó wá ń ga sí i. Bí mo bá kó gbogbo rẹ̀ sójú kan, ohun tó sọ kò ju ọ̀kan lọ: ẹni tí wọ́n sìnkú rẹ̀ ló wá gba abẹ́rẹ́ lóṣù tó kọjá. Ta ló wá wà nínú ibojì?

Àbúrò pa ẹ̀gbọ́n, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sin ín, ó sì wọlé jókòó sáyè rẹ̀. Mo ti rí irú rẹ̀ rí, láàárín tẹ̀gbọ́n tàbúrò, lórí ilé, lórí ilẹ̀, lórí ọkọ. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀gbọ́n yìí ní? Ọkọ ti lọ. Ilé, yàrá méjì tí wọ́n háyà ni. Ohun tó kù ni ọmọ tí wọ́n ń gbé dìde láàárọ̀, tí wọ́n ń gbé wẹ̀, tí wọ́n ń fún lóúnjẹ, tí wọ́n ń gbé sùn. Èèyàn máa ń pànìyàn kó lè jogún ọlá. Ta ló ń pànìyàn kó lè jogún iṣẹ́?

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ oníṣègùn yẹn padà sí mi létí. Mo pe ọ̀jọ̀gbọ́n lórí fóònù.

"Bí ìyá kan bá kú nínú ìwádìí yín, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ìtọ́jú ọmọ rẹ̀?"

"Ọmọ á jáde. Òfin ni."

"Ta ló ṣòfin náà?"

"Mi ò mọ̀. Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Mi ò rò pé ẹnì kan tún..." Kò parí rẹ̀. Ẹni tó gbọ́n ni. Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀ kí n tó pa fóònù.

*

Òkè kẹrin ni wọ́n ń gbé. Lífìtì ilé náà ti kú tipẹ́, wọ́n ti ń fi àyè rẹ̀ kó páálí sí. Mo gun àtẹ̀gùn, mo dúró, mo tún gùn. Lókè kẹta, obìnrin kan ṣílẹ̀kùn, ó bi mí pé ta ni mò ń wá. Mo sọ fún un. Ó ní òun ò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó tìlẹ̀kùn. Abẹ́ wọn gan-an ló sì ń gbé.

Mo kànkùn. Kò sí ìdáhùn. Mo tún kàn án.

Ohùn kan dáhùn nínú ilé, ọ̀rọ̀ náà ń falẹ̀, ó ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. "Wọ́n ní... kí n sọ pé... kò sí ẹnikẹ́ni nílé."

"Ṣé Alága ló ń sọ̀rọ̀?"

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo gbọ́ ìṣísẹ̀ àgbà, tí kọ́kọ́rọ́ sì yí.

Obìnrin tó ṣílẹ̀kùn ga. Ó ní láti tẹ orí díẹ̀ kó tó rí ojú mi. Téèpù ìwọnṣọ kọ́ ọ lọ́rùn. Ó wo bàtà mi, ó wo ojú mi, ó sì fọwọ́ ti ara ilẹ̀kùn.

"Láti ọdún mẹ́fà ni mo ti ń retí yín," ló wí. "Ẹ pẹ́."

"Mákánjú ni wọ́n ń pè mí."

Ó gbé àga fún mi. Ọmọ náà wà lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ọmọbìnrin eléyín funfun, ọwọ́ rẹ̀ ká wọnú, ojú rẹ̀ mú bí abẹ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di irun rẹ̀ ni. Aṣọ ọrùn rẹ̀ mọ́. Mo wo gbogbo ìyẹn kí n tó béèrè ohunkóhun, nítorí ọmọ tí wọ́n pa ìyá rẹ̀ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó pa á.

"Báwo ni ẹ̀gbọ́n yín ṣe kú?"

Kò bi mí pé ẹ̀gbọ́n wo. "Lórí àtẹ̀gùn tí ẹ gùn wá yẹn ni. Ó pọn ọmọ yìí sẹ́yìn, ó ń gbé e bọ̀ láti ibi ìtọ́jú. Mo wà lẹ́yìn wọn, mo gbé kẹ̀kẹ́. Lókè kẹta, ó ní kí n gba ọmọ. Mo ní kó mú sùúrù kí n gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ kó má baà ṣubú lé ọmọ lórí. Kò dìde mọ́."

Ọmọ náà ń wo ìta.

"Ní ọsibítù, wọ́n ní ta ló kú," ló ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀, ó ní, 'Mi ò gbọ́dọ̀ kú o, tí mo bá kú, wọ́n á lé ọmọ yìí jáde.' Ó ti sọ ọ́ títí, ó ti di orin. Kí n tó mọ̀, mo ti fi káàdì tèmi lé wọn lọ́wọ́. Orúkọ ara mi ni mo pè."

"Àwọn ará ilé ńkọ́?"

"Gbogbo wọn ló mọ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí."

"Oníṣègùn tó ń na iṣan ńkọ́?"

"Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí èmi nìkan gbé e lọ, ó wojú mi fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, 'Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Alága.' Kò tún sọ nǹkan mìíràn títí di òní."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ kú?"

Ó yọ téèpù kúrò lọ́rùn, ó ń ká a mọ́ ìka. "Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, ó bá mi kú. Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ fẹ́ mi. Lẹ́yìn ìsìnkú mi, ó wá kí wọn níbí. Mo ti ara mi mọ́ yàrá. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń sunkún nísàlẹ̀, tí ìyá òkè kẹta ń pàrọwà fún un. Obìnrin yẹn mọ̀ pé mo wà lókè, ó sì ń bá a sunkún mi." Ó gbé téèpù sílẹ̀. "Ṣé ẹ fẹ́ mú mi lọ báyìí? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún un lóúnjẹ."

Mo lè dákẹ́ níbẹ̀. Mo lè kọ ọ́ pé àṣìṣe kọ̀ǹpútà ni, kí n lọ sinmi orúnkún mi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì ń bọ̀. Mo wá sọ fún un nípa àwọn ìyá méjìlá, ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ gbé fún ìjọba, àti ohun tí ìjọba fẹ́ fi ṣe.

Kò kọ́kọ́ yé e. Lẹ́yìn náà, ó fọwọ́ lé àyà.

"Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi lóṣù tó kọjá," ló wí, díẹ̀díẹ̀. "Ó ní, 'Ẹ kú oríire, mà, ara yín ti yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.' Mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀." Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ìsàlẹ̀ níbi tí àtẹ̀gùn wà. "Ẹ̀gbọ́n mi kú lórí àtẹ̀gùn, wọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ yá. Èmi ni mo sì gbé ara wá fún wọn tí wọ́n fi kọ ọ́."

"Ẹ ò mọ̀."

"Àwọn ìyá yòókù máa mọ̀ pé mi ò mọ̀?"

Mo fọwọ́ ti orúnkún mi. Mo dìde. Mo ní ilé ìwádìí ni a ó ti pàdé láàárọ̀ ọ̀la, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, kò sí ẹni tó máa wá fi ọkọ̀ ọlọ́pàá gbé e.

"Màmá Ọlọ́pàá," ni ọmọ náà pè mí lẹ́yìn, "ẹ rọra... sọ̀ kalẹ̀ o."

*

Wọ́n wá. Oníṣègùn ló ti kẹ̀kẹ́ ọmọ wọnú ọ́fíìsì ọ̀jọ̀gbọ́n, kò sì jáde mọ́. Ó dúró sẹ́yìn àga náà, ó ní òun náà mọ̀, ohun tí wọ́n bá fẹ́ ṣe fún obìnrin náà, kí wọ́n ṣe é fún òun pẹ̀lú. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi àga han obìnrin náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló fẹ́ gbọ́.

Obìnrin náà sọ ọ́ lórí ìdúró, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó parí, ọ̀jọ̀gbọ́n yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí gbogbo wa lè rí i. Ìlà pupa kan wà níbẹ̀ tó ń fi ìnira ara àwọn ìyá hàn, tó gun òkè, tó wá ń sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́ lẹ́yìn ọdún kẹjọ. Ó tẹ nǹkan díẹ̀. Ó yọ ara yíyá kúrò, ó fi ikú sí i. Ìlà náà mì, ó gbéra, ó kọrí sókè.

"Ẹnì kan péré," ló wí. "Àwọn mọ́kànlá yòókù ń rẹ̀ sí i, a ò rí i. Ara tiyín ló bò wọ́n mọ́lẹ̀, torí pé ó le." Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ó yẹ kí n béèrè. Ìyá tó ń gbé ọmọ tó ń tóbi sí i lójoojúmọ́, báwo ni ara rẹ̀ á ṣe máa fúyẹ́?"

Ó pe ilé iṣẹ́ ìjọba lójú wa. Ó ní òun ò lè gbé àbọ̀ náà wá lọ́jọ́ Ẹtì, pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Ẹni tó wà lódìkejì ń pariwo. Ó jẹ́ kó pariwo tán.

"Ìtọ́jú ọmọ yìí ńkọ́?" ni mo bi í.

"Òfin wà. Ìgbìmọ̀ ló lè yí i padà, mi ò lè ṣèlérí." Ó wo oníṣègùn. "Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ò ní jókòó títí oṣù tó ń bọ̀. Kí wọ́n tó jókòó, ẹ máa na iṣan rẹ̀ lọ."

Kí n má fi ohun tó tẹ̀ lé e pamọ́. Mo gbé obìnrin náà lọ síwájú adájọ́ nítorí pé ó pe òkú lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Adájọ́ gbọ́ ọ, ó bá a wí, ó ní kó máa lọ. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n jiyàn, wọ́n tún jókòó, kí wọ́n tó pa òfin yẹn rẹ́. Ìrànwọ́ àwọn ìyá kò dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n kò pọ̀ sí i. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ nígbà yẹn ti fẹ́ ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nínú ọ́fíìsì, kò sí èyí tí a tíì mọ̀ nínú rẹ̀. Ó ti rẹ gbogbo wa. Ọmọ náà ló gbé orí sókè.

"Àǹtí."

Obìnrin náà wo ilẹ̀kùn kíákíá, bíi pé ẹnì kan lè gbọ́. Lẹ́yìn náà ló rántí pé kò sí ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ mọ́. "Kí ni, ọmọ mi?"

"Ṣé mo lè... sunkún màmá mi... báyìí?"

Obìnrin gíga náà kúnlẹ̀ síwájú kẹ̀kẹ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì tó ká yẹn lé ọrùn ara rẹ̀. "Sun ún," ló wí. "Sun ún bó ṣe wù ọ́. Èmi náà ò tíì sun ún."

Mo fa ọ̀jọ̀gbọ́n lápá, oníṣègùn tẹ̀ lé wa, a jáde, mo sì fa ilẹ̀kùn dé. Ẹkún náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wa, ti ọmọ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ti àgbà. Nọ́ọ̀sì kan tó gbé àwo abẹ́rẹ́ ń bọ̀ dúró lójijì.

"Ẹ gbà mí o. Ta ló kú?"

"Ìyá ọmọ yẹn."

"Yéè! Nígbà wo?"

Mo wo ilẹ̀kùn náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìsinsìnyí ni," ni mo wí.